Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ẹni Tí Kò Tíì Di Ìkọ́ Mú Rí ní Kíróṣé àti Nítìnì

Gbogbo ìgbà tí ọlidé bá ti wọlé ni ìbéèrè yìí máa ń dé: "Mo mọ̀ ọ́n hun dáadáa, àmọ́ tí mo bá ní kí n kọ́ ẹlòmíì, orí ọmọ náà á dàrú, tèmi náà á dàrú." Àwọn tó ń béèrè kì í ṣe irú kan. Àwọn kan ní ṣọ́ọ̀bù lágbègbè Tákíè níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ìyá ń mú ọmọ wá fún wọn kí ọmọ má baà jókòó lásán sílé. Àwọn kan jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LAUTECH tó ń hun fìlà àti tọ́ọ̀pù tà ní àdúgbò Under G, tí ọ̀rẹ́ wọn ń bẹ̀ wọ́n pé "kọ́ èmi náà." Àwọn míì, ẹgbẹ́ obìnrin inú ìjọ ló ní kí wọ́n wá dá àwọn ọ̀dọ́bìnrin lẹ́kọ̀ọ́.

Ìdáhùn mi ò gùn: ọwọ́ yín ló ń ba ẹ̀kọ́ náà jẹ́. Bí ọmọ bá ti ṣì í, ẹ ti gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ ti tún un ṣe, ẹ ti dá a padà fún un. Ọwọ́ yín tún mọ̀ ọ́n sí i, tiẹ̀ wà níbi tó wà. Nítorí náà, gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí, kí ìkọ́ má kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ni. Ẹ mú ìkọ́ àti wúùlù tiyín dání, tara yín ni kẹ́ ẹ fi ṣe àpẹẹrẹ.

## Kíróṣé ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀

Ẹ má kọ́ wọn ní méjèèjì pọ̀. Kíróṣé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú. Ìkọ́ kan ṣoṣo ni, bí ojú kan (ìyẹn ìhun kékeré kọ̀ọ̀kan) bá sì ti parí, òwú kan ṣoṣo ló máa ń kù lórí ìkọ́ nínú àwọn ìhun tí ẹ fẹ́ kọ́ wọn yìí. Bí ìkọ́ bá já bọ́, ibi tó máa tú dé kò pọ̀. Ní ti nítìnì, abẹ́rẹ́ méjì ni, gbogbo ojú tó wà ní ìlà kan ló sì wà lórí abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí abẹ́rẹ́ bá yọ lọ́wọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ojú mẹ́wàá lè já bọ́ kí ẹ tó ṣẹ́jú, ẹkún ló kù.

Ẹni tí mo lè jẹ́ kó fi nítìnì bẹ̀rẹ̀ ni ẹni tó wá tìtorí súẹ́tà ọmọ, tí kò sì fẹ́ gbọ́ nǹkan míì. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ á fara dà á.

## Ohun tí ẹ máa rà, àti èyí tí ẹ máa fi sílẹ̀ lọ́jà

Wúùlù burúkú ti lé ọ̀pọ̀ ọmọ kúrò nídìí iṣẹ́ yìí. Bí ẹ bá dé Ọjà Jagun tí ẹ sọ pé wúùlù lẹ fẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ wúùlù dúdú tí wọ́n fi ń dirun ni wọ́n máa kọ́kọ́ nà sí yín. Ẹ má rà á fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Nínú àwọ̀ dúdú, ojú ìhun kì í hàn, irun ara wúùlù yẹn sì máa ń bo ihò tó yẹ kí ọmọ ti ìkọ́ bọ̀. Ẹni tó ti mọ̀ ọ́n hun pàápàá ń fi ọwọ́ wá ojú ni, kì í fi ojú wá a. Òwú ìdirun tó ń dán náà ò dáa: ó tínrín, ó ń yọ̀.

Èyí tí ẹ máa rà gbọ́dọ̀ jẹ́ aláwọ̀ kan, kó mọ́lẹ̀ (funfun, yẹ́lò, pínńkì, búlúù títàn), kó jọ̀lọ̀ lára láìnírun, kó sì nípọn ju òwú ìránṣọ lọ fíìfíì. Ẹ yẹra fún bọ́ọ̀lù tí àwọ̀ mẹ́ta mẹ́rin ń yí padà nínú ẹ̀. Ó rẹwà lójú, àmọ́ ọmọ ò ní mọ ibi tí ojú kan parí sí. Bí ìwé bá wà lára bọ́ọ̀lù náà, ẹ wo ìwọ̀n ìkọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀. Èyí tó bá pè fún mílímítà 5 ló dáa jù.

Ìkọ́ fúnra ẹ̀, píìnì kíróṣé lẹ máa pè é fún ẹni tó ń tà á. Ẹ mú mílímítà 5. Àwọn tín-ín-tìn-ín onírin tí wọ́n fi ń hun aṣọ orí tábìlì ò tíì kàn.

Ohun tó yẹ kó wà nínú báàgì kí ẹ tó pe ọmọ jókòó:

- wúùlù aláwọ̀ títàn, bọ́ọ̀lù kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yin náà ẹ ní tiyín
- ìkọ́ mílímítà 5, àti mílímítà 6 kan fún ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ bá le
- píìnì tí wọ́n fi ń mú nápíì ọmọ, bíi mẹ́ta mẹ́rin
- abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán àpò, fún ìparí iṣẹ́
- sísọ́ọ̀sì kékeré, téèpù télọ̀

Bí ìkọ́ ò bá tíì dé, ẹ má dá ẹ̀kọ́ dúró. Ìka lásán tó láti fi hun ṣéènì: kó fi ìka méjì ṣe iṣẹ́ ìkọ́, kó máa fa òwú gba inú òwú. Ní ti abẹ́rẹ́ nítìnì, igi tí àwọn onísúyà fi ń gún ẹran ṣeé lò bó bá jẹ́ tuntun. Ẹ fi sáńdípépà pa á títí ara ẹ̀ á fi dán, ẹ pa ẹnu ẹ̀ kó má gún ọmọ, ẹ fi rọ́bà wé ìdí ẹ̀ kí ojú má baà gba ibẹ̀ yọ. Ó tínrín, nítorí náà wúùlù tó fúyẹ́ díẹ̀ ló bá a mu.

Owó wúùlù, ẹ gbà á lọ́tọ̀ kúrò lára owó ìkọ́ṣẹ́. Ẹ má da wọ́n pọ̀ rárá.

## Ìjókòó

Ẹ̀gbẹ́ ọmọ ni kẹ́ ẹ jókòó sí, ẹ má kọjú sí i. Bí ẹ bá kọjú sí i, ọwọ́ ọ̀tún yín á bọ́ sí ọ̀kánkán ọwọ́ òsì ẹ̀, ohun gbogbo á sì yí padà lójú ẹ̀.

Ọlọ́wọ́ òsì nìkan ni kẹ́ ẹ kọjú sí. Bó ṣe ń wo ọwọ́ ọ̀tún yín, kó máa fi òsì tiẹ̀ ṣe é, yóò bá a mu wẹ́kú. Ẹ má fipá mú un lo ọwọ́ ọ̀tún. Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan á bínú, wọ́n á ní "ọwọ́ òsì kọ́ la fi ń ṣiṣẹ́ nílé wa." Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé fún wọn pé kì í ṣe oúnjẹ ló ń jẹ, kì í sì í ṣe àgbà ló ń nà án sí. Ohun tí ẹ máa sọ fún ọmọ náà ni pé iṣẹ́ tirẹ̀ á máa ti òsì lọ sí ọ̀tún, àwòrán tó bá rí nínú ìwé á sì dà bíi pé ó yí padà.

Ẹ jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ wà, ẹnu ọ̀nà tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Iná tọ́ọ̀ṣì kò tó fún ẹni tí kò tíì mọ ojú. Nígbà ooru, òógùn ọwọ́ máa ń jẹ́ kí wúùlù lẹ̀ mọ́ ìkọ́. Ìyẹ̀fun pọ́dà díẹ̀ lọ́wọ́ á yanjú ẹ̀. Nígbà ọyẹ́, awọ ìka á há, á máa kọ́ òwú. Kí wọ́n fi òrí pa ọwọ́ láàárọ̀, kó sì wọra tán kí wọ́n tó fọwọ́ kan wúùlù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ epo á hàn lára iṣẹ́.

Ẹni mẹ́rin ti tó fún olùkọ́ kan. Bí wọ́n bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ò ní rí ohun tí ọwọ́ ẹni karùn-ún ń ṣe.

## Ìpàdé àkọ́kọ́: ojóbó àti ṣéènì, ó tán

Ẹ ta ojóbó báyìí:

1. Kó yọ orí òwú sílẹ̀ tó bíi sẹ̀ǹtímítà 15.
2. Kó fi òwú ṣe òrùka lórí tábìlì, kí òwú ọ̀dọ̀ bọ́ọ̀lù gba ẹ̀yìn òrùka náà kọjá.
3. Kó ti ìkọ́ bọ inú òrùka, kó fi kọ́ òwú ọ̀dọ̀ bọ́ọ̀lù, kó fà á jáde díẹ̀.
4. Kó di orí kúkúrú mú, kó fa ìkọ́ sókè kí kókó náà le.
5. Ìdánwò: kó fa òwú ọ̀dọ̀ bọ́ọ̀lù. Bí ojóbó bá ń fún mọ́ ìkọ́, ó ti ta á dáadáa. Bó bá jẹ́ orí kúkúrú ló ń fún un, ó ti fa òwú òdì, kó tú u.

Ẹ jẹ́ kó ta á, kó tú u, kó ta á, títí kò fi ní máa wo yín lójú mọ́ kó tó ta á.

Dídi ìkọ́ mú: ọ̀nà méjì ló wà, bí ẹni di bírò mú àti bí ẹni di ọ̀bẹ mú. Èyí tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn ni kó lò. Mo ti rí olùkọ́ tó ń na ọmọ lọ́wọ́ torí pé ó di ìkọ́ mú bí ọ̀bẹ. Ìyà lásán ni. Ọwọ́ kejì ló ṣe pàtàkì, òun ló ń darí òwú. Kí òwú gba orí ìka ìlábẹ̀, kó gba abẹ́ àwọn ìka tó tẹ̀ lé e, kó sì yí ìka tó kéré jù lọ ká lẹ́ẹ̀kan. Bó bá rí ọ̀nà míì tí òwú fi ń ṣàn láì há, ẹ fi í sílẹ̀.

Ṣéènì ló kàn:

1. Kó fi àtàǹpàkò àti ìka àárín ọwọ́ òsì di ìdí ojóbó mú.
2. Kó ká òwú lé ìkọ́ láti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú.
3. Kó yí ẹnu ìkọ́ wo ìsàlẹ̀, kó fa òwú náà gba inú èyí tó wà lórí ìkọ́ jáde. Ṣéènì kan nìyẹn.
4. Lẹ́yìn ṣéènì méjì mẹ́ta, kó gbé àtàǹpàkò sún mọ́ ìkọ́. Àìsún mọ́ ọn ló ń jẹ́ kí ṣéènì gùn kí ó sì máa gbọ̀n.
5. Ṣéènì 20, kó tú u. Ṣéènì 20 míì, kó tú u.

Ohùn ni kẹ́ ẹ fi kọ́ ọ, kì í ṣe ọwọ́. "Ká a, fà á. Ká a, fà á." Ẹ jẹ́ kí òun náà máa sọ ọ́ jáde. Bó bá dákẹ́, ọwọ́ ẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìnà.

Ẹ dá ìpàdé náà dúró síbẹ̀. Ó máa wù yín láti fi kún un, àwọn òbí pàápàá á bi yín pé ṣé gbogbo ohun tọ́mọ kọ́ lónìí nìyí. Ẹ jẹ́ kó hun ṣéènì gígùn kan tó máa so mọ́ ọwọ́ tàbí tó máa fi di irun, kó wọ̀ ọ́ lọ sílé. Wọn ò ní bi yín mọ́.

## Ìpàdé kejì: síńgù, àti ìlà kejì tó ń sọni dà sílẹ̀

Ibí ni kẹ́ ẹ ti lo àsìkò jù lọ. Ìlà àkọ́kọ́ nira díẹ̀ torí pé ṣéènì tínrín, àmọ́ ìlà kejì ni ọ̀pọ̀ ti ń ju ìkọ́ sílẹ̀, nítorí wọn ò mọ ibi tó yẹ kí ìkọ́ wọ̀.

1. Ṣéènì 11. Èyí tó wà lórí ìkọ́ kì í sí nínú kíkà.
2. Kó fo ṣéènì tó sún mọ́ ìkọ́ jù, kó ti ìkọ́ bọ èkejì.
3. Kó ká òwú, kó fà á jáde. Òwú méjì wà lórí ìkọ́ báyìí.
4. Kó tún ká òwú, kó fà á gba inú méjèèjì. Ọ̀kan ló kù. Síńgù kan nìyẹn.
5. Kó fi píìnì nápíì kọ́ síńgù àkọ́kọ́ yẹn lójú ẹsẹ̀.
6. Kó ṣe é dé òpin. Kó kà á: 10.
7. Ṣéènì 1, kó yí iṣẹ́ padà.
8. Ìlà kejì: ojú àkọ́kọ́ wà nídìí ìkọ́ gan-an. Kó wo orí iṣẹ́ náà, yóò rí ojú kọ̀ọ̀kan bíi lẹ́tà V tó sùn. Abẹ́ òwú méjèèjì tó ṣe V ni ìkọ́ máa gbà wọlé. Kó kọ́ píìnì míì mọ́ síńgù àkọ́kọ́ ìlà yìí náà.
9. Nígbà tó bá dé òpin, ojú tí píìnì ìlà ìsàlẹ̀ wà ni ojú ìkẹyìn. Kó yọ píìnì, kó hun ún. Kó kà á: 10.

Orin ìpàdé yìí: "Tì í bọlé, ká a, fà á jáde, ká a, fa méjèèjì."

Ẹ má gbójú fo kíkà. Ọmọ á ní òun ti mọ̀ ọ́n, á fẹ́ sáré. Bí ìlà márùn-ún bá kọjá láìkà, iṣẹ́ náà á ti di òkè aláṣóńṣó, títú ló kù. Kó ka ojú mẹ́wàá lópin ìlà kọ̀ọ̀kan kó tó hun ṣéènì ìyípadà, títí iṣẹ́ náà á fi ga tó bó ṣe fẹ̀. Ìgbà tí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dọ́gba ni ẹ̀kọ́ síńgù parí. Ó lè gbé ife lé e.

### Bí nǹkan bá ṣì, ibi tí ẹ máa wò

Iṣẹ́ ń dín sí i. Ó ń fo ojú ìkẹyìn, nítorí pé ojú náà máa ń sá pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ wo bóyá ó ti kọ píìnì sílẹ̀.

Iṣẹ́ ń fẹ̀ sí i. Ó ti hun méjì sínú ojú kan, tàbí ó ń ti ìkọ́ bọ ṣéènì ìyípadà bíi pé ojú ni.

Ó le, ìkọ́ ò wọlé. Èyí ló wọ́pọ̀ jù. Ẹ̀rù ló ń mú un di òwú mú pinpin. Kẹ́ ẹ kàn máa sọ pé "dẹ ọwọ́" kò ṣiṣẹ́. Ẹ wo ibi tí òwú jókòó sí lára ìkọ́: bó bá jẹ́ ọrùn ìkọ́, níbi tó ti tínrín, ojú tó ń hun á kéré. Kí òwú jókòó sára ibi tó nípọn kó tó parí ojú náà. Bí ìyẹn ò bá tó, ẹ gbé ìkọ́ mílímítà 6 fún un.

Òwú ń là sí méjì. Ìkọ́ ń gún àárín òwú dípò kó gba abẹ́ ẹ̀. Kó yọ ìkọ́, kó tún un wọ̀. Bó bá ń ṣẹlẹ̀ ṣáá, wúùlù yẹn ni kò dáa, ẹ pààrọ̀ ẹ̀.

Ìlà kan yọ gọngọ lára iṣẹ́. Abẹ́ òwú kan ṣoṣo nínú V ló ń gbà. Kì í ṣe àṣìṣe tó burú, àwọn kan ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é fún ẹwà. Kó sáà má ṣe é láìmọ̀.

Nínú gbogbo èyí, ẹ béèrè kí ẹ tó sọ̀rọ̀: "Ka ìlà yìí fún mi. Mélòó ló yẹ kó jẹ́?" Ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé ẹnu ara ẹ̀ ni yóò fi rí i.

## Dọ́bù, àti ọ̀fìn tó wà nínú orúkọ

Ẹni tó bá ti mọ síńgù á mọ dọ́bù láàárín ìjókòó kan. Kó ká òwú lé ìkọ́ kó tó ti ìkọ́ wọlé. Lórí ìlà àkọ́kọ́, ṣéènì kẹrin láti ọ̀dọ̀ ìkọ́ ni yóò wọ̀. Bó bá fà á jáde, òwú mẹ́ta á wà lórí ìkọ́. Kó ká a, kó fa méjì; kó tún ká a, kó fa méjì tó kù.

Ìyípadà ìlà fún dọ́bù jẹ́ ṣéènì 3, àwọn mẹ́ta yẹn sì dúró gẹ́gẹ́ bí ojú kan. Nítorí náà kò ní hun sínú ojú àkọ́kọ́, èkejì ni yóò bọ́ sí. Nígbà tó bá padà dé, orí ṣéènì kẹta yẹn ni ojú ìkẹyìn. Ẹ tún èyí sọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí síńgù ti kọ́ ọ ní òdìkejì ẹ̀.

Ọ̀fìn ibẹ̀ rèé. Ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní síńgù ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ìlú ọba ń pè ní dọ́bù, dọ́bù ti Amẹ́ríkà sì ni tírẹ́bù lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ á wo fídíò kan lórí YouTube, á tún gba pátánì (ìwé tó ń sọ bí a ṣe ń hun ún) lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, iṣẹ́ á sì jáde ní ìdajì ìwọ̀n tó yẹ kó jẹ́ tàbí ìlọ́po ẹ̀. Ẹ kọ́ wọn láti wá ọ̀rọ̀ náà "single crochet" nínú pátánì: bó bá wà níbẹ̀, ti Amẹ́ríkà ni. Èyí tí mo ń lò nínú ìtọ́sọ́nà yìí náà nìyẹn.

## Fìlà: kí ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà ṣiṣẹ́

Fìlà ni gbogbo ọ̀dọ́ ń béèrè, àwọn ààfáà náà sì ń ra èyí tó fara mọ́ orí. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù ni pé kí ló dé tí orí fìlà ń ká sókè bí abọ́, tàbí tó ń rí wíńkíwíńkí, tí etí ẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ìgbì omi.

Fún síńgù, nọ́ńbà náà nìyí:

1. Ta ojóbó, hun ṣéènì 2, hun síńgù 6 sínú ṣéènì tó jìnnà sí ìkọ́. Òbírí àkọ́kọ́: 6.
2. Hun méjì sínú ojú kọ̀ọ̀kan: 12.
3. Ọ̀kan, lẹ́yìn náà méjì sínú ojú tó kàn, bẹ́ẹ̀ yíká: 18.
4. Ọ̀kan, ọ̀kan, lẹ́yìn náà méjì: 24. Mẹ́fà mẹ́fà ni yóò máa fi pọ̀ sí i lẹ́yìn ìyẹn: 30, 36, 42.
5. Píìnì gbọ́dọ̀ wà ní ojú àkọ́kọ́ òbírí kọ̀ọ̀kan, nítorí kò sí ẹ̀gbẹ́ tó máa fi mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Bó bá ká sókè kó tó tó àsìkò, ó ti gbàgbé láti fi kún un níbì kan. Bó bá rí wíńkíwíńkí, ó ti fi kún un jù.

Ìgbà wo ló máa dá àfikún dúró? Kó fi téèpù wọn orí, kó pín in sí 3.14. Orí tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 56 á fún un ní nǹkan bíi 18. Ìyẹn ni bí pẹpẹ orí fìlà ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Kó dín in kù díẹ̀ fún fìlà tó máa di orí mú, torí wúùlù máa ń na. Orí ọmọ titun sábà máa ń tó 35, nítorí náà 11 ti tó, kódà 10. Láti ibẹ̀, kó kàn máa hun ọ̀kan sínú ojú kọ̀ọ̀kan, fìlà á máa sọ̀ kalẹ̀ fúnra ẹ̀.

## Nítìnì, nígbà tí ọwọ́ bá ti mọ òwú

Kíróṣé ti kọ́ ọ bí òwú ṣe ń gba ọwọ́ kọjá, ìdajì iṣẹ́ ti tán. Ẹ fún un ní abẹ́rẹ́ mílímítà 5 méjì, kó sì kó ojú 15 sórí ọ̀kan. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kó ta ojóbó sí abẹ́rẹ́, kó wá máa fi òwú yí àtàǹpàkò ká, kó ti abẹ́rẹ́ bọ abẹ́ ẹ̀, kó yọ àtàǹpàkò, kó fún un díẹ̀. Kò lẹ́wà púpọ̀ létí, àmọ́ ó yá.

Lẹ́yìn náà:

1. Abẹ́rẹ́ tó ní ojú wà lọ́wọ́ òsì, èyí tó ṣófo wà lọ́wọ́ ọ̀tún, òwú wà lẹ́yìn.
2. Wọlé: ẹnu abẹ́rẹ́ ọ̀tún gba iwájú ojú àkọ́kọ́ lọ sẹ́yìn.
3. Yí i ká: òwú yí abẹ́rẹ́ ọ̀tún ká lẹ́ẹ̀kan.
4. Jáde: abẹ́rẹ́ ọ̀tún fa òwú náà gba inú ojú bọ́ síwájú.
5. Jù ú sílẹ̀: ojú àtijọ́ kúrò lórí abẹ́rẹ́ òsì.

Gbogbo ìlà ni kó hun báyìí. Kíkà ṣì wà níbẹ̀: 15, 15, 15. Bó bá di 16, bóyá òwú lọ síwájú dípò ẹ̀yìn ó sì yí abẹ́rẹ́ ká lófo, tàbí ó rí ojú etí bíi méjì, ó hun méjèèjì.

Kó má dá iṣẹ́ dúró láàárín ìlà. Bí wọ́n bá pè é nílé, kó parí ìlà náà kó tó dáhùn (ẹ kìlọ̀ fún ìyá ẹ̀), kó sì ti ojú wọnú ìdí abẹ́rẹ́. Bí ojú kan bá já bọ́ lára iṣẹ́ tí iwájú rẹ̀ tẹ́jú, á máa tú lọ sísàlẹ̀ bí àkàbà. Kó má fà á. Kó mú ìkọ́ kíróṣé, kó fi gbé ojú náà, kó fa àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan gba inú ẹ̀ títí dé òkè, kó dá a padà sórí abẹ́rẹ́. Ìdí míì nìyẹn tí kíróṣé fi gbọ́dọ̀ ṣáájú.

Pọ́ọ̀lù, ìyẹn híhun tí òwú wà níwájú, tí abẹ́rẹ́ ń ti ẹ̀yìn ojú bọ̀ síwájú, ẹ fi í sílẹ̀ di ìgbà tó bá ti hun síkáàfù kúkúrú kan tán. Nígbà tí ó bá ń hun ìlà kan bó ṣe mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ìlà kan ní pọ́ọ̀lù, etí aṣọ náà á máa ká. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni, bí ìhun yẹn ṣe rí nìyẹn.

## Ọmọdé, àti ẹni tó jù yín lọ

Ọmọ ọdún méje mẹ́jọ lè bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ti tó fún un lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ kó lọ ṣeré.

Àgbà tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín ló gba ọgbọ́n. Ẹ ò lè sọ fún ìyá tó jù yín lọ pé "ó ti bàjẹ́, ẹ tú u." Ẹ ní, "Mọ̀mí, ẹ jẹ́ ká jọ ka ìlà yìí." Àwọn náà á rí i, wọ́n á sì tú u fúnra wọn. Ẹ rán wọn létí kí wọ́n mú awò ojú wọn wá, kí ẹ sì fún wọn ní wúùlù tó nípọn jù nínú èyí tí ẹ ní. Bí ìka bá ń dùn wọ́n, ẹ fi aṣọ tàbí fóòmù wé ìdí ìkọ́ kó lè nípọn lọ́wọ́.

Fún gbogbo wọn, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan gbé fóònù sẹ́yìn èjìká yín, kó ya ọwọ́ yín ní fídíò ìṣẹ́jú kan bí ẹ ṣe ń hun ojú mẹ́ta díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ohun tí wọ́n rí ní ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n máa rí nílé, dátà ò sì ní jó lórí fídíò tó ń lo orúkọ míì.

## Kí iṣẹ́ tó kúrò lọ́dọ̀ yín

- Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná kan wúùlù àtọwọ́dá, tó pọ̀ lọ́jà wa. Á yọ́, kò sì ní padà sípò. Omi ni kí wọ́n wọ́n sí i, kí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ bó ṣe yẹ kó rí, kó gbẹ.
- Bí wọ́n bá fọ̀ ọ́, kí wọ́n má fún un bí aṣọ iṣẹ́, kí wọ́n má sì fi kọ́ okùn. Ìwúwo omi á fà á gùn. Kí wọ́n tẹ́ ẹ sórí táwẹ́ẹ̀lì.
- Ọmọ tó ṣì wà ní jẹ́lé-ó-sinmi ò gbọdọ̀ gba fìlà tí wọ́n lẹ bọ́tìnì tàbí ìlẹ̀kẹ̀ mọ́, ó lè já a sẹ́nu.
- Kí wọ́n má gé òwú kúrú. Kí orí rẹ̀ kù tó sẹ̀ǹtímítà 15, kí wọ́n fà á gba inú òwú tó kẹ́yìn lórí ìkọ́ kó di kókó, kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ àpò ti orí náà gba inú ojú lọ sápá kan, kó padà sápá kejì, kó tún lọ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí wọ́n tó gé e. Orí òwú tí wọ́n gé sétí kókó á tú ní ìfọ̀ àkọ́kọ́.